Ọjọ́ tí Méjọ̀ Dọ̀bálẹ̀

Òórùn òrí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní àdúgbò àwọn Bàrìbá. Kì í ṣe òrí tó ti dì, tí wọ́n gbé sínú igbá lọ́jà Ṣakí, ni mò ń wí. Èyí tó ṣì ń hó lórí iná ni, òórùn tó ki, tó ní èéfín nínú, tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ mi títí n ó fi padà dé Ìbàdàn. Ìwọ tí o mọ ọ̀nà Ìṣẹ́yìn sí Ṣakí láyé ìgbà yẹn, o mọ̀ pé kí èèyàn tó kọjá Ìpàpó, eruku pupa á ti dí i nímú, kò sì ní í gbọ́ òórùn ohunkóhun mọ́. Síbẹ̀, òrí yẹn máa ń rí ọ̀nà wọlé. Bí mo bá ti gbọ́ òórùn rẹ̀, mo mọ̀ pé a ti dé ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ìyá Méjọ̀ ti ń po òrí lábẹ́ igi máńgòrò, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ìkòkò títí dé ìgbọ̀nwọ́.

Ọdún tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá ni. Mo ti pẹ́ díẹ̀ nídìí iṣẹ́ ìròyìn nígbà náà, mo sì rò pé kò sí ohun tí olóṣèlú lè ṣe tó tún lè bá mi lójijì. Olóòtú mi pè mí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Sọ́jà kan ń du ìbò ní Òkè-Ògùn. Bàrìbá ni. Lọ wò ó bóyá wọ́n máa gbà á." Gbogbo iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn. Ìlú tí mo lọ kò jìnnà sí Àgọ́-Àmọ́dù. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ṣì pọ̀ níbẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bi ọmọ wọn léèrè ibi tí bàbá rẹ̀ wà lọ́jọ́ náà.

Méjọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é, títí kan àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ Bàrìbá tó ti ìhà ààlà wá, tó kọ́lé sẹ́yìn ìlú, tó sì kú síbẹ̀. Ìlú yìí ni wọ́n bí Méjọ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti lọ sílé ìwé, ibẹ̀ ló ti gbéra lọ wọṣẹ́ ológun. Ó lọ sójú ogun abẹ́lé, ó padà wá, ó gòkè dé ipò Méjọ̀, ó wá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kó lè du ipò aṣòfin. Ó ga, ó dúdú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yorùbá rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Bó bá ń rìn, á máa ju ẹsẹ̀ òsì síwájú gbọọrọ, á máa fi ọ̀pá kékeré kan ti ara, àwọn ọ̀dọ́ ìlú sì ń sín in jẹ, wọ́n ń pè é ní ìrìn bárékè. Ohun kan tún wà tí mo ṣàkíyèsí tí n kò kà sí: bó bá fẹ́ jókòó, á na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀, nǹkan kan á sì dún ká. Mo rò pé kọ́kọ́rọ́ ló wà nínú àpò rẹ̀.

Ẹni tó ń bá a du ipò náà ni Àlàájì kan tó ń kó iṣu lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ọlọ́yàyà èèyàn ni, ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì burú nínú. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ káàkiri gbogbo ojúlé: "Méjọ̀, èèyàn gidi ni. Àlejò wa ni. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń gbé ọ̀bẹ lé àlejò lọ́wọ́ pé kó pín ẹran?" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àṣà ìlú náà ni pé kí olùdíje wá kí ọba ní ojú ààfin kó tó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo. Mo wà níbẹ̀. Àlàájì oníṣu ló kọ́kọ́ jáde. Ó ṣí fìlà, ó bọ́ bàtà, ó na ara rẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn pẹ̀lú gbogbo àgbádá tó wọ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún kanlẹ̀, ó fi tòsì kanlẹ̀. Àwọn àgbà mi orí. Lẹ́yìn náà ló kan Méjọ̀. Ó rìn dé iwájú ọba, ó ṣí fìlà, ó tẹ orí ba dáadáa, ó wá nàró ṣánṣán, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ ojú bí ológun ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀.

Ìlàrí àgbà, ẹni tó ń darí àwọn ìránṣẹ́ ààfin, sún mọ́ ọn. Ó ní, "Méjọ̀, Kábíyèsí lo ń kí o."

"Mo mọ̀, bàbá. Kábíyèsí ni mò ń kí."

"Kì í ṣe bárékè nibí."

Méjọ̀ kò sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ọba wò ó fún ìgbà díẹ̀. Kò bínú lójú. Ó dìde láti wọlé. O sì mọ̀ pé bí ọba bá dìde ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń wà lóròó. Gbogbo ọkùnrin ojú ààfin náà balẹ̀, gbogbo obìnrin kúnlẹ̀, èmi náà fi kámẹ́rà mi lé àyà, mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú wọn. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, bàtà aláwọ̀ dúdú méjì ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú, wọ́n ń dán, wọ́n dúró láàrin ẹ̀yìn àwọn èèyàn. Méjọ̀ nìkan ló wà lóròó. Mo gbọ́ tí ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi ń sọ sínú iyanrìn pé, "Ó ti parí fún eléyìí."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti dé gáréèjì, ó ti dé ọjà, ó ti dé oko tábà. Ọkùnrin kan tó ń di ẹrù sórí lọ́rì sọ ọ́ fún mi, ó sì fara balẹ̀ kí n lè kọ ọ́ dáadáa: "Lọ́jọ́ Jímọ̀, inú mọ́tò rẹ̀ ló máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, àwa tá a wà nísàlẹ̀ là ń forí kanlẹ̀. Kò wólẹ̀ fún Ọlọ́run, kò dọ̀bálẹ̀ fún ọba. Ta ló kù tó máa tẹ̀ fún? Ìwọ oníwèé ìròyìn?" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n kọ ìyẹn náà.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rín ní ẹ̀yìn ìlú. Baálé àwọn Bàrìbá, arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti ń fọ́, ṣàlàyé fún mi. "Ilẹ̀ tí a fi ń dáko, ìlú ló ni ín. Ọdọọdún ni a ń lọ tọrọ rẹ̀ kí òjò tó rọ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń fún wa, a kò jà rí. Lọ́dún yìí, àwọn ìjòyè ní kí a kọ́kọ́ lọ kọ́ ọmọ wa ní ìwà." Ó nawọ́ sí ọ̀nà oko. "Iṣu kì í gbọ́ àlàyé, ọmọ mi. Bí òjò bá rọ̀ tí a kò tíì kọ ebè, ebi ni."

Wọ́n tún fi ìyá jẹ ọmọ níyà. Igbá òrí ìyá Méjọ̀ ń ti ọjà bọ̀ bó ṣe lọ. Obìnrin kan tó ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ látìgbà tó ti relé ọkọ sọ fún un lójú mi pé, "Ẹ má bínú, Ìyá Méjọ̀. Wọ́n ní òrí ilé agbéraga kì í yọ́ lára." Ìyá náà bo igbá rẹ̀, ó gbé e rù.

Mo wà nílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí Méjọ̀ wá bá a. Obìnrin kékeré ni, ara rẹ̀ le, òrí tí ó ti ń pò láti ìgbà èwe ti mú kí awọ ọwọ́ rẹ̀ máa dán bí igi tí wọ́n fi epo nù. Ó bí àwọn ọmọ mìíràn, wọn kò dúró. Ó fi omi lọ ọmọ rẹ̀, ó fún mi ní èkùrọ́ àti gààrí. Ó wá sọ ọ́ lójú mi, bí ẹni tó ń bá ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Iyanrìn ni. O máa dìde, o máa gbọ̀n ọ́n dànù."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n rò ó."

"Kí lo fẹ́ rò níbẹ̀? Àyà la fi ń dọ̀bálẹ̀, kì í ṣe orí." Ó yíjú sí mi. "Akọ̀ròyìn, bá mi bi í. Láti ìgbà tó ti ogun dé, kò sùn nílé mi rí. Ilé àlejò ìjọba ní Ṣakí ló ń sùn. Ẹní mi ti kéré jù fún ọ̀gá sọ́jà."

Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, àmọ́ omi ti wà lójú rẹ̀. Méjọ̀ wo ilẹ̀. Ó na ọwọ́ sí orúnkún, nǹkan yẹn dún ká, ó dìde, ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, òun ń lọ.

Ọ̀nà Ìgbẹ́tì ni mo ti mọ ohun tó wà nínú òkùnkùn ọ̀rọ̀ náà. Ó ń lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ kan níbẹ̀, ó ní kí n bá òun lọ. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ pupa náà sì ń yọ̀ bí ilá. Nígbà tí a dé ibi tí àwọn òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, mọ́tò wa rì. A sọ̀kalẹ̀ kí dẹ́rẹ́bà lè fún un níná. Méjọ̀ dúró létí ọ̀nà, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ júwe ibi tí kó darí táyà sí, ni ọ̀pá yọ̀. Ó ṣubú. Kò ṣubú bí èèyàn ṣe ń ṣubú, tí orúnkún á kọ́kọ́ tẹ̀, tí ọwọ́ á wá nǹkan dì mú. Ó wó lulẹ̀ bí òpó.

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí mo rò pé yóò dìde. Kò dìde. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ẹrẹ̀, ara rẹ̀ ń yí po lójú kan. Dẹ́rẹ́bà ti jáde nínú mọ́tò kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ ogun tẹ́lẹ̀ ni, ará ìsàlẹ̀ odò Ọya lọ́hùn-ún, abẹ́ Méjọ̀ ló ti ṣiṣẹ́ láti ojú ogun. Kò bèèrè, kò pariwo. Ó lọ sẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀, ó ki apá méjèèjì bọ abíyá rẹ̀, ó ní, "Ó yá, sà," ó fà á sókè bí ẹni tó ti ṣe é láìmọye ìgbà. Bó ṣe ń gbé e ni ṣòkòtò ẹsẹ̀ òsì ká sókè. Igi ni mo rí. Igi tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ara èèyàn tí kò jọ ara ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ wa, irin kan níbi tí orúnkún yẹ kó wà, okùn awọ tó ń lọ sókè kọjá ibi tí ojú mi dé.

Mo wo igi náà, mo wo ojú ọkùnrin náà. Gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí mi lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìrìn bárékè, mọ́tò tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, ilé àlejò ní Ṣakí, ohun tó ń dún ká.

Méjọ̀ fa ṣòkòtò rẹ̀ sísàlẹ̀. Ó ní, "O ti rí i."

"Mo ti rí i, sà."

"Mo lè dọ̀bálẹ̀. Dídìde ni n kò lè dá ṣe." Ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan èjìká òsì. "Gbogbo apá òsì ni bọ́ǹbù kó lójú ogun. Ọwọ́ yìí wà, kò lè gbé mi."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Bí ó bá sọ ọ́ lójú ààfin lọ́jọ́ yẹn, ta ni yóò bá a wí? Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyí, mo kọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà kí n má baà gbàgbé: "Nígbà tí mò ń lọ sójú ogun, màmá mi di ẹsẹ̀ mi mú. Mo sọ fún un pé bí mo ṣe ń lọ ni mo ṣe máa padà. Mo ti padà. Ó rí mi, ó dúpẹ́. Ṣé kí n wá bá a lẹ́nu ọpẹ́ kí n ní kó dá a dúró, pé n kò padà tán?" Ó fi igi ẹsẹ̀ náà gbá ẹrẹ̀. "Ní ti ìlú, wọ́n ti rí nǹkan kan tí n kò ní: ẹ̀jẹ̀ wọn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún rí ìkejì."

Ó ní kí n má kọ ọ́. Mo ní n kò ní í kọ ọ́. Iṣẹ́ wa ni láti sọ ohun tí a rí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ kò tíì sọ fún ìyá rẹ̀ kò yẹ kó ti inú ìwé ìròyìn bá a. Ìgbà tí a sọ̀kalẹ̀ ní Ìgbẹ́tì ni dẹ́rẹ́bà sún mọ́ mi, ó ní, "Wọ́n ní agbéraga ni. Èmi ni mo máa ń wẹ ibi tó ṣẹ́ kù fún un. Kò sí ìgbéraga kankan níbẹ̀."

Àánú ìyá rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko ló borí rẹ̀ níkẹyìn. Ó ránṣẹ́ sí ààfin pé òun yóò wá kí Kábíyèsí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, bó ṣe yẹ kí ọmọ ìlú kí ọba. Ètò tí òun àti dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ṣe ni pé dẹ́rẹ́bà yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Bí ọba bá ti ní kó dìde, á ki apá bọ abíyá rẹ̀ kíá, àwọn èèyàn á rò pé báyìí ni àwọn ọmọ ogun ṣe ń ṣe fún ọ̀gá wọn.

Gbogbo ìlú ló wá. Wọ́n ti mọ́ṣáláṣí bọ́ sójú ààfin tààrà, àwọn ọkùnrin láàrin, àwọn obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí àyè wọn wà. Ìyá Méjọ̀ wà níwájú wọn pẹ̀lú gèlè tuntun, igbá òrí funfun kan wà lórí itan rẹ̀ tó fẹ́ fún àwọn olorì. Ó rí mi, ó júwọ́. Mi ò mọ ibi tí n ó gbé ojú sí. Àlàájì oníṣu náà jókòó láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ń ṣàwàdà pé wọ́n ti tẹ sọ́jà ba lónìí.

Ní ẹnu ọ̀nà, ìlàrí àgbà na ọ̀pá rẹ̀ dínà fún dẹ́rẹ́bà. "Ẹni tó ń kí ọba ló ń wọlé. A kì í dúró lẹ́yìn ẹni tó wà nílẹ̀ níwájú Kábíyèsí."

Dẹ́rẹ́bà ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni kí n dúró sí."

"Kí lo fẹ́ ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé ó fẹ́ sá ni?"

Méjọ̀ ti dé àárín. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí ọ̀pá ìlàrí lórí àyà ọkùnrin náà. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà náà. Ó lè yí padà, ó lè tún gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú. Ó wo apá ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Ó ṣí fìlà, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ó jẹ́ kí ara rẹ̀ lọ. Iyanrìn dún lábẹ́ àyà rẹ̀.

Ariwo ayọ̀ tí wọ́n pa ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹyẹ orí òrùlé fi fò. Ọba rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbàdúrà fún un, ó ní, "Dìde." Méjọ̀ kò mira. Ọba tún sọ ọ́, ohùn rẹ̀ tutù: "Ó tó, ọmọ mi. Dìde." Àlàájì oníṣu gbé ohùn sókè, "Méjọ̀, wọ́n ní ó tó. Àbí o ti sùn lọ ni?" Ẹ̀rín sọ. Méjọ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún ti ilẹ̀, èjìká rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, ó yẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ lu iyanrìn. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò délẹ̀ tó fi dákẹ́, nítorí ojú àwọn tó wà nítòsí ti bọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá da àyà délẹ̀, ìka bàtà rẹ̀ ní láti máa wo ilẹ̀. Ti ọ̀tún ń wo ilẹ̀. Ti òsì ń wo ọ̀run.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbéra. Obìnrin kì í kọjá síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá a dúró. Igbá òrí rẹ̀ yí gbirigbiri lọ. Ó ti rò pé ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló yẹ̀, mo rí i nínú bó ṣe yára kúnlẹ̀, tó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ náà mú bí àwọn tó ń to egungun ṣe ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fi ọwọ́ pa á lọ sókè, ó pa á lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ká ìka rẹ̀, tó kan án bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ìró igi náà dé ibi tí mo wà. Mo gbà gbọ́ pé ó dé ibi gbogbo.

Ó sọ nǹkan kan ní Bàrìbá. Baálé wọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bo ojú. Obìnrin náà wá sọ ọ́ ní Yorùbá, bóyá kí ọba lè gbọ́: "Ẹsẹ̀ tí mo bí dà?"

Méjọ̀ kò lè gbé ojú sókè. Iyanrìn ló ń bá sọ̀rọ̀. "Wọ́n gé e lójú ogun, Màmá."

"Ta ló sin ín?"

"N kò mọ̀. Àwọn dókítà ni."

"Wọn ò ránṣẹ́ pè mí," ó ní. "Ara mi lẹ lọ sin, ẹ ò ránṣẹ́ pè mí."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí ilé wọn jó, lẹ́nu àwọn tí mọ́tò pa ọmọ wọn. Kò sí èyí tó dá mi dúró bí ìyẹn. Kò pariwo. Ó bèèrè bí ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà ni.

Nígbà náà ni ọba dìde. Bó ṣe dìde, gbogbo ìlú balẹ̀: ìjòyè, Àlàájì oníṣu, àwọn aláwàdà rẹ̀, èmi. Kò sí ẹni tó kù láti gbé Méjọ̀, nítorí pé gbogbo wa ló ti wà nílẹ̀ bíi tirẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọba lókè orí wa: "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn wọlé." Mo gbọ́ ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà tó ń gba àárín wa kọjá. Mo gbọ́ "Ó yá, sà." Nígbà tí mo gbé ojú sókè díẹ̀, Méjọ̀ ti wà lóròó níwájú ọba, iyanrìn lójú, iyanrìn lírùngbọ̀n, ìyá rẹ̀ ṣì di igi náà mú lórí ìkúnlẹ̀. Gbogbo ìlú wà nílẹ̀, àlejò náà wà lóròó.

Ọba kò jẹ́ kí a tètè dìde. Ó ní, "Nínú gbogbo yín, ta ló bi í rí pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀?" Ó wá rọra sọ pé, "Èmi náà kò bi í."

Méjọ̀ wọlé ìbò náà. Ní ìlú yẹn, àwọn ará ilé Àlàájì oníṣu pàápàá dìbò fún un. Àlàájì náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó ní òun kò lè bá wọn wí. Wọ́n fún àwọn Bàrìbá nílẹ̀ oko kí òjò tó le. Àwọn obìnrin ọjà tò wá ra òrí, ìyá Méjọ̀ sì lé wọn padà fún ọjọ́ mélòó kan. "Òrí yẹn náà ni," ó ní. "Kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ́." Nígbà tí mo kí Méjọ̀ kú oríire, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ tí kò sí ni wọ́n dìbò fún," ó ní. "Èmi tí mo wà ńbẹ̀, wọn ò tíì rí mi." Mo jiyàn pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. N kò jiyàn rẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí àwọn sọ́jà tún gbàjọba, tí wọ́n tú ilé aṣòfin ká, mo gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn lọ wò ó. Òórùn òrí pàdé mi bó ṣe máa ń pàdé mi. Méjọ̀ wà nílé ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ló ń sùn. Ẹsẹ̀ igi náà fẹ̀yìn ti ògiri láàrin àwọn ìkòkò, ìyá rẹ̀ sì ń fi òrí gbígbóná ra ibi tó ṣẹ́ kù fún un. Ó ní dẹ́rẹ́bà kò mọ̀ ọ́n rà, ó ń fi í ra bí ẹni ń fọ mọ́tò. Lẹ́yìn ilé, ó fi òkìtì kékeré kan hàn mí. Bàtà òsì tí Méjọ̀ wọ̀ lọ sílé ìwé, tó ti tọ́jú láti ìgbà náà, ló fi aṣọ funfun dì tó sì sin síbẹ̀. Lèmọ́mù ti sọ fún un pé kò sí àdúrà kankan nínú ìwé fún bàtà. Ó ní òun mọ̀. Lèmọ́mù náà wá, ó bá a dúró níbẹ̀ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àwa Yorùbá, a fẹ́ràn ìkíni. A máa ń bèèrè ilé, a máa ń bèèrè ọ̀nà, a máa ń bèèrè ara, ẹnu wa á sì ti bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn kí ẹni tí à ń kí tó mí. Ìlú kan kí ọkùnrin yẹn bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ó ń dáhùn pé ara le, wọ́n sì ń kọjá lọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá bi èèyàn pé ara ńkọ́, mo máa ń dúró, kódà bí ó bá sú u.

Mo dúró fún ìyá Méjọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Ìyá, ṣé ara le?" Kò gbé ojú kúrò lára iṣẹ́ tó ń ṣe, ó tún bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́.

"Díẹ̀ ti lọ," ó ní. "Ìyókù wà."